Bàbá Ó-Kù-Díẹ̀ Lójú Ọ̀nà Ilé Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ibi balùwẹ̀ ni gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ló tú àgọ́ ní ibùdó àwọn arìnrìn-àjò lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe ìgbà mẹ́fà, kì í sì í ṣe ìgbà mẹ́wàá bí ẹnu àwọn èèyàn ṣe ti sọ ọ́ dà. Wọ́n kọ́kọ́ pa á sábẹ́ igi. Bàbá gbé abọ́ tánńganran rẹ̀ kalẹ̀ sí àárín àgọ́, ó bu omi sí i dé ojú ilà tó ti fi ìṣó họ yíká inú rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó di ojú kan, ó fi èkejì wo omi. Omi ga ju ilà lọ lápá kan, kò ju ìbú ẹyọ ìrẹsì kan lọ. "Ó kù díẹ̀," ló wí. Wọ́n tú u.

Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n pa á sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Ó kù díẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, sí ìdí ọkọ̀. Ó kù díẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹrin, wọ́n pa á sórí koríko kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ lójú ìyàwó rẹ̀, tó tẹ́ pẹrẹsẹ lójú ọmọ rẹ̀, tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ lójú alábòójútó ibùdó tó wá bá wọn wò ó, àfi lójú omi inú abọ́ nìkan. Kí oòrùn tó wọ̀, bàbá ti fúnra rẹ̀ rí ilẹ̀ kan tí omi dúró lé lórí jẹ́ẹ́ bí ọmọ tó yó. Èèkàn kò wọ ibẹ̀ o, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dí i lọ́wọ́. Páìpù kan wà nítòsí, ó so okùn mọ́ ọn. Ó ti rẹ àwọn obìnrin méjèèjì débi pé wọn kò béèrè ohun tí páìpù ń wá níbẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ohùn ọkùnrin kan ló jí wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi ká ẹsẹ̀ yín kò díẹ̀."

Ọkùnrin náà dúró sáàárín àgọ́, ó ta táwẹ́ẹ̀lì sí èjìká, ó mú kànìnkànìn àti ọṣẹ lọ́wọ́. Ẹni márùn-ún mìíràn tò sẹ́yìn rẹ̀. Pèpéle sìmẹ́ńtì tó wà níwájú balùwẹ̀ ibùdó ni bàbá pàgọ́ lé, kò sì sí ibòmíràn téèyàn lè gbà lọ wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà bí kò ṣe àárín ìdílé rẹ̀.

Bàbá dìde jókòó. "Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ máa wọlé. Ẹ gba apá òsì, ìyàwó mi ló wà lápá ọ̀tún."

Alábòójútó ibùdó sáré dé. "Bàbá, kí lèyí? Ẹ̀yin lẹ pàgọ́ síwájú balùwẹ̀?"

"Ta ló kọ́ balùwẹ̀ yìí?"

"Mi ò mọ ẹni náà, Bàbá."

"Tó o bá rí i, bá mi kí i. Ọwọ́ ẹ̀ dáa nídìí ilẹ̀ títẹ́. Ògiri ẹ̀ ló wọ́."

Kí wọ́n tó tú àgọ́ ọ̀hún, èèyàn mọ́kànlá ti gba àárín wọn kọjá. Mẹ́ta nínú wọn wẹ̀ tán, wọ́n jáde, wọ́n tún padà wọlé lọ wo ògiri.

Bíríkìlà ni bàbá yìí fún ọdún mọ́kànlélógójì, ọdún mẹ́ta sì rèé tó ti papò dà. Ìyàwó rẹ̀ ń pè é ní Bàbá Nọ́ọ̀sì, nítorí ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ìgboro ń pè é ní Ó-Kù-Díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ló fi ń dáhùn ohun gbogbo. Ṣé ilé ti parí? Ó kù díẹ̀. Ṣé ẹ ti yó? Ó kù díẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, wọ́n bi í níwájú ẹbí méjèèjì bóyá ìfẹ́ ìyàwó yìí wà lọ́kàn rẹ̀, ó ní ó kù díẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀ pé àjà ilé ni òun ń wò.

Ìrìn tí ọ̀rọ̀ balùwẹ̀ ti wáyé kì í ṣe ìrìn fàájì. Bàbá ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan, bíríkìlà bíi tirẹ̀. Òun gan-an ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọn kò fi rí ara wọn. Ògiri ló dá a sílẹ̀. Wọ́n jọ ń mọ ògiri kan lẹ́yìn ilé bàbá wọn tí ẹ̀gbọ́n ń gbé, ni ẹ̀gbọ́n bá sún sẹ́yìn, ó wò ó títí.

"Àbúrò, ògiri yìí wọ́."

"Ọrùn yín ló wọ́, Ẹ̀gbọ́n."

"Tú u palẹ̀."

"Ẹ kọ́kọ́ na ọrùn yín ná, kẹ́ ẹ tún un wò."

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ sí ẹ̀gbọ́n ẹni, bàbá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó pa ẹnu dé. Kàkà kó tọrọ àforíjì, ó ṣan ọwọ́, ó wọ bàtà, ó kó ìyàwó àti ọmọ, ó lọ fìdí kalẹ̀ síbi tó jẹ́ ìrìn ọjọ́ méje nínú ọkọ̀. Àwọn mìíràn a bínú lọ sí yàrá kejì. Tirẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kó tó gbà pé òun bínú.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ló tẹ̀ wọ́n láago. "Ara ẹ̀ ò yá. Ojoojúmọ́ ló ń bi mí bóyá ẹ ti gbéra." Nọ́ọ̀sì gba fóònù. Ó béèrè nípa èémí, ó béèrè nípa oorun, ó béèrè bóyá ẹsẹ̀ ń wú. Ó gbé fóònù kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Bàbá, tá a bá fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n yín láyé, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó kọjá ọjọ́ mẹ́wàá."

Ọ̀nà ọjọ́ méje, ọjọ́ mẹ́wàá lọ́wọ́. Lójú ẹlòmíràn, àyè pọ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì wo ọkọ rẹ̀ tó ń fi abọ́ tánńganran sábẹ́ àga ọkọ̀, ó sì mọ̀ pé àyè kò sí rárá.

Òtẹ́ẹ̀lì ì bá yá wọn, ṣùgbọ́n bàbá kì í sùn sínú ilé tí kò bá mọ ẹni tó kọ́ ọ. Àgọ́ ni wọ́n dì sórí ọkọ̀, láti ibùdó kan dé èkejì. Nọ́ọ̀sì ló ń wakọ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì, aránṣọ, ló ń tan sítóòfù, tó ń se ìrẹsì, tó ń fọ aṣọ àti ìkòkò lẹ́nu ẹ̀rọ omi. Bàbá ló ń tún ohun tí àwọn méjèèjì bá ṣe ṣe. Kì í jókòó. Ó ń jẹun lórí ìdúró, ó ń mu tíì lórí ìrìn, bí ilẹ̀ bá sì ti mọ́ báyìí, ó ti ń rìn yí ibùdó ká, tó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ti èèkàn ẹni yìí, tó ń ti tẹlòmíràn. "Ẹ kú ìsinmi o. Àgọ́ yín ti ń ronú àtiwó." Àwọn tó wá sinmi kò tún sinmi mọ́.

Ọjọ́ kejì ni ti okùn ìsáṣọ. Ìyá Nọ́ọ̀sì ta okùn sáàárín igi méjì, ó sá aṣọ. Bàbá wò ó, okùn tẹ̀ láàárín. Ó kó aṣọ tutù lé e lọ́wọ́, ó tú okùn, ó tún un ta. Ó tún tẹ̀. Ó tún kó aṣọ fún un. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló mú ọ̀pá wá gbé àárín okùn dúró, ó sún sẹ́yìn, ó yọ̀. "Wò ó, Ìyá Nọ́ọ̀sì! Ó tọ́ gbọnrangandan!"

"Ó tọ́ lóòótọ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Oòrùn ti wọ̀."

Lọ́jọ́ karùn-ún, ó yẹ kí wọ́n gbéra ní aago méje àárọ̀. Ẹrù ti wà lórí ọkọ̀. Bàbá ní kí òun kàn lọ dágbére fún àwọn ará ibùdó, ló bá bá wọn nídìí ààrò olókùúta mẹ́ta tí gbogbo wọn jọ ń lò. Ìkòkò ẹ̀wà kan fì sápá kan lórí rẹ̀, omi rẹ̀ ń dà síná. Bàbá wo ìkòkò yìí bí ẹni ń wo ọmọ tó já sí kòtò. Ó bọ́ ẹ̀wù. Ó pè fún amọ̀.

Nọ́ọ̀sì jókòó sídìí ọkọ̀, ó ṣáná sí i. "Bàbá!"

"Ó kù díẹ̀!"

Ó kọ́ ààrò, ó kọ́ odi sí i kí afẹ́fẹ́ má baà fẹ́ iná, ó kọ́ pèpéle sẹ́gbẹ̀ẹ́ odi kí alásè lè jókòó. Ọjọ́ méjì ló gbà. Obìnrin tó ni ẹ̀wà gbé ìkòkò lé e, kò yẹ̀ lọ́tùn-ún, kò yẹ̀ lósì, gbogbo ibùdó pàtẹ́wọ́. Bàbá tẹríba fún wọn bí olórin. Nígbà tó padà sídìí ọkọ̀, Nọ́ọ̀sì ti pa ẹ̀rọ ọkọ̀ láti àná, ó sì ti sùn lọ níwájú ọkọ̀.

Lọ́jọ́ keje, okùn àgọ́ kan gbó. Okùn mẹ́tàdínlógún tó kù dáa. Bàbá ní àgọ́ kì í dúró lórí bóyá. Ó fi odindi ọjọ́ náà lọ́ òmíràn.

Ìyá Nọ́ọ̀sì kì í sọ̀rọ̀ kíákíá. Aránṣọ ni, ó ti mọ́ ọn lára láti wọn nǹkan lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ keje, lẹ́nu ẹ̀rọ omi, bó ti ń fi yanrìn ha ìdí ìkòkò, tí ọkọ rẹ̀ dúró tì í tó ń sọ fún un bí wọ́n ṣe ń ha ìkòkò, ó gbé e kalẹ̀.

"Lọ́jọ́ kìíní, ẹ̀ẹ̀kan lo wọn ilẹ̀."

Ó yẹ kéèyàn mọ̀ pé "ẹ" ni obìnrin yìí máa ń sọ sí ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ. Bó bá ti di "o," àwọn aládùúgbò a máa kó ọmọ wọn wọlé.

"Ẹ̀ẹ̀kan, lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀mejì, àti okùn aṣọ. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, o gbé wa síwájú balùwẹ̀. Ọjọ́ méjì lórí ààrò ẹlẹ́wà. Òní, okùn. Bá a ṣe ń súnmọ́ ilé Ẹ̀gbọ́n ni nǹkan ń bàjẹ́ sí i. Àbí kò rí bẹ́ẹ̀?"

"Ṣé ẹ fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa rọ́ lọ sí wa lórí lójú oorun ni?"

"Ẹ̀rù ń bà ọ́, Bàbá Nọ́ọ̀sì."

"Ẹ̀rù kí ni? Ẹ̀gbọ́n mi ni!"

"Ìdí nìyẹn."

Bàbá wò yíká bóyá nǹkan kan wọ́ nítòsí. Kò rí. Ó gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kò tíì mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Ó ha á títí ó fi lu.

Nọ́ọ̀sì ti ṣírò rẹ̀: ọ̀nà ọjọ́ mẹ́ta ló kù, ọjọ́ mẹ́ta ló sì kù nínú mẹ́wàá. Bí wọ́n bá tún pàdánù ọjọ́ kan, òkú ni wọn yóò bá.

Ìtàn ló wá yí ọ̀rọ̀ padà, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìtàn tuntun. Ní gbogbo ibùdó ni bàbá ti máa ń sọ ìtàn ògiri yẹn fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́, òun ló sì máa ń borí nínú rẹ̀. Ní ibùdó àkọ́kọ́, ògiri náà ga dé àyà. Ní ẹ̀kẹta, ó ti ga ju òrùlé lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ keje yìí, pẹ̀lú ìkòkò tó lu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti di ilé alájà mẹ́ta, àwọn èèyàn sì wá láti ìlú mìíràn láti wò ó bó ṣe tọ́.

Obìnrin kan jókòó láàárín wọn, awakọ̀ akẹ́rù, àgbàlagbà, tó ń fi ọ̀bẹ bó ọsàn. Ó gbọ́ ìtàn náà dé òpin.

"Ó dáa," ló wí. "Ta ló wá parí ẹ̀?"

"Parí kí ni?"

"Ògiri. Ẹ ní ẹ ṣan ọwọ́, ẹ lọ. Àwọn tó kù ńkọ́? Ta ló mọ ọ́n tán?"

"Mi ò mọ̀."

"Ọdún mẹ́sàn-án, ẹ ò béèrè?"

"Mi ò béèrè."

Obìnrin náà gé ọsàn sí méjì, ó na ìlàjì sí i. "Ẹ gbà. Ẹnu yín ti gbẹ."

Bàbá gba ọsàn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn èèyàn, ó fa ọsàn náà tán, ó jẹ èèpo funfun rẹ̀ pẹ̀lú, kò sì kíyè sí i.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹjọ ń mọ́, àgọ́ wó lu Nọ́ọ̀sì lójú oorun.

"Bàbá! Mo wà nínú ẹ̀ o!"

"Mo mọ̀. Dìde. O ti sùn jù."

Ó ti tú gbogbo okùn méjìdínlógún. Ó ti di ẹrù. Ó ti gbé ìyàwó rẹ̀ sínú ọkọ̀ pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì lórí. Láti wákàtí yẹn, ìdààmú rẹ̀ kò dín. Ojú ọ̀nà ló kàn kọ sí. Kò jẹ́ kí wọ́n pàgọ́ mọ́. Orí àga ọkọ̀ ni wọ́n ń sùn, pẹ̀lú orúnkún ní ìgbáròkó ara wọn. Ó ka tíì léèwọ̀ nítorí pé tíì ń mú kí wọ́n dúró. "Tẹ̀ ẹ́, Nọ́ọ̀sì." "Bàbá, ó ti kan ilẹ̀." "Tẹ ilẹ̀ náà!" Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹsàn-án, ọlọ́pàá dá wọn dúró, ó ní wọ́n sáré jù. Bàbá sọ̀kalẹ̀, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un láti orí ògiri dé orí ọsàn. Ọlọ́pàá náà ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́ máa lọ.

Wọ́n dé ní ọjọ́ kẹwàá, oòrùn ń wọ̀. Ní ẹnu ọ̀nà ọgbà, bàbá kò sọ̀kalẹ̀. Ó ní ìlẹ̀kùn ọkọ̀ kò ṣí dáadáa. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wo ìdí ẹ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ kọjá rẹ̀, ó ṣí ìlẹ̀kùn náà, ó tú bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ tó dè sí ihò òdì, ó tún un dè fún un.

"Ẹ lọ," ló wí. "Mo wà lẹ́yìn yín."

Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti bá ẹ̀gbọ́n, lórí àga, ní ìdojúkọ ògiri. Ó ti rù. Àìsàn ti tẹ ọrùn rẹ̀ sápá kan. Ó wọ́ lóòótọ́ nísinsìnyí, bàbá rí i, ojú rẹ̀ sì kún fún omi. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ògiri náà láti ọjọ́ tí bàbá ti lọ. Ṣíbí ìmọlé rẹ̀ ṣì wà níbi tó há sí nínú sìmẹ́ńtì tó ti gbẹ, ìyàwó ẹ̀gbọ́n sì ti ń fi í kọ́ aṣọ ìnuwọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án.

Bàbá dọ̀bálẹ̀. Ó pẹ́ nílẹ̀.

"O dé," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Mo dé, Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn, ẹ forí jì mí."

"Dìde. Wò ó fún mi. Ṣé ó wọ́ àbí kò wọ́?"

Bàbá dìde, ó wo ògiri, kò béèrè omi, kò béèrè abọ́. "Ó wọ́, Ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀gbọ́n tún ògiri wò. "Kò wọ́ tó bí mo ṣe pariwo ẹ̀."

"Ẹ̀yin méjèèjì," ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n wí látẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, "tẹ́ ẹ bá ti parí, ẹ má fọwọ́ kan ṣíbí mi o."

Ọjọ́ mẹ́wàá tí Nọ́ọ̀sì dá kò ṣẹ. Ọjọ́ mẹ́tàlélógójì mìíràn ni ẹ̀gbọ́n lò. Nọ́ọ̀sì sọ pé inú òun dùn pé òun kò mọ iṣẹ́ òun tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ ti kún ilé, nítorí náà ẹ̀yìn ilé ni wọ́n pàgọ́ sí. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì òun lọ síbẹ̀. Àwọn arúgbó méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ẹni tó fọ́ iná kẹ̀kẹ́ bàbá wọn ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀rín wọn ń dí àwọn aládùúgbò lọ́wọ́.

Bí èèyàn bá jókòó ti Ìyá Nọ́ọ̀sì lónìí, tí gbogbo ìtàn ti tán, tí ẹ̀rín sì ti rọlẹ̀, ohun kan wà tó máa ń sọ kẹ́yìn. Ó ní àràárọ̀ ni ọkọ òun ń fá irùngbọ̀n ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ojú rẹ̀, ó ń fi ọṣẹ pa á, ó ń fi ọwọ́ òsì gbé orí rẹ̀ dúró nítorí ọrùn, ó sì ń fá a díẹ̀díẹ̀, láìkánjú, bí ẹni tí kò ní ibòmíràn láti lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú abẹ, ọṣẹ funfun láti etí dé etí.

"Àbúrò, ìgbà wo lẹ máa padà?"

"A ò tíì dé tán, Ẹ̀gbọ́n," ni bàbá wí. "Ẹ gbé àgbọ̀n sókè."